Àsíá Lórí Pósí: Ẹ̀yẹ Ìkẹyìn fún Àwọn Ọ̀gá Ológun àti Àwọn Aláṣẹ Ìlú

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Libreville ṣe ilé rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yẹ tí àwọn ológun máa ń ṣe fún ẹni ńlá tó bá kú, yálà ọ̀gá ṣọ́jà ni tàbí aláṣẹ ìlú. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí ìlú tí a wà yìí ti rí irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀ kan tí gbogbo Áfíríkà dúró wò. Ọ̀pọ̀ yín ló fojú ara yín rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2009, ọkọ̀ òfuurufú kan gbé òkú Omar Bongo Ondimba dé láti ìlú Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ló dákẹ́ sí ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún, lẹ́ni ọdún 73. Oṣù Kejìlá ọdún 1967 ló ti gorí àléfà, ó sì lo ọdún tó lé ní ogójì níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tó tò sí ẹ̀bá títì lọ́jọ́ náà kò mọ Ààrẹ mìíràn láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Pápákọ̀ òfuurufú ìlú yìí, orúkọ Léon M'ba ló ń jẹ́, Ààrẹ àkọ́kọ́, ẹni tí òun náà kú sí ẹ̀yìn odi, ní Paris, ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1967.

Àsíá aláwọ̀ ewé, òféèfèé àti búlúù ni wọ́n fi bo pósí náà. Wọ́n gbé e gba àárín ìlú kọjá lọ sí ààfin Ààrẹ létí òkun, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí kí ará ìlú lè wá wò ó fún ìgbà ìkẹyìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló tò. Ìjọba ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣọ̀fọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16, wọ́n ṣe ayẹyẹ ìdágbére gan-an. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní mẹ́wàá wá. Nicolas Sarkozy tó jẹ́ Ààrẹ ilẹ̀ Faransé nígbà náà wá, Jacques Chirac tó fi ipò sílẹ̀ fún un sì wá pẹ̀lú. Bí Sarkozy ṣe ń wọlé, àwọn kan nínú èrò tó wà níta hó lé e lórí, wọ́n ní kó máa lọ, pé àwọn kò fẹ́ Faransé mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ 18, wọ́n sin ín sí Franceville ní ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀, láàárín ẹbí.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ kan yẹn, nítorí ohun púpọ̀ wà nínú rẹ̀ ju ẹkún àti fèrè lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ikú náà di mímọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí Mínísítà ètò ààbò ṣe ni pé ó ti gbogbo ẹnubodè pa, ti orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfuurufú. Ta ni Mínísítà ètò ààbò? Ali Bongo ni, ọmọ òkú. Ní ọjọ́ 10, wọ́n búra fún Rose Francine Rogombé, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ fìdíhẹ, bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, wọ́n dìbò, wọ́n sì kéde pé Ali Bongo ló wọlé. Ọ̀gá ológun kan wà tó jẹ́ ADC fún Bongo bàbá títí ó fi kú: Brice Oligui Nguema. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ kan náà, ní ọdún 2023, ni ọ̀gágun yìí gba ìjọba lọ́wọ́ Bongo ọmọ. Nítorí náà, bí a bá ń wo ìsìnkú olórí orílẹ̀-èdè, kí a máa wo òkú, kí a sì máa wo àwọn tó dúró tì í. Ìjọba ń lo ọjọ́ náà láti sọ fún ará ìlú, àti fún àwọn àlejò, pé ilé kò tíì dà wó. Èyí kì í ṣe ohun búburú. Ní ibi tí agbára ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan fún ogójì ọdún, ará ìlú nílò kí wọ́n rí i pé àwọn ṣọ́jà ṣì ń gbọ́ àṣẹ, pé ìlà wọn gún, pé ìbọn wọn dojú kọ ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ lónìí, màá sì sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ lè máa fi wọn gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yẹ ológun, iṣẹ́ ló ni ín. Àga kò ni ín. Àwọn tó sì lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ náà ló yẹ kó gbé e fún òkú. Níbi tí a bá ti gbàgbé èyí, tí a sọ ọ́ di ohun tí ipò ń fúnni láìwẹ̀yìn, ìró ìbọn náà á kàn máa dún lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀yẹ náà fún àwọn tí kò sún mọ́ ọn rí. Àsíá orílẹ̀-èdè ló máa ń wà lórí pósí. Lórí àsíá ni wọ́n ń gbé fìlà iṣẹ́ olóògbé lé, pẹ̀lú idà rẹ̀ bó bá jẹ́ ọ̀gá. Àwọn àmì ẹ̀yẹ tó gbà nígbà ayé rẹ̀ wà lórí tìmùtìmù kékeré tí ológun kan ń gbé lọ́wọ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá lo ẹṣin, ẹṣin kan á máa tẹ̀lé pósí láìsí ẹni lórí rẹ̀, bàtà gígùn olówó rẹ̀ á wà nínú ìtẹ̀sẹ̀ gàárì, wọ́n á ti yí iwájú bàtà náà sẹ́yìn. Gbogbo ayé ló rí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nígbà ìsìnkú John F. Kennedy ní Washington, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Black Jack lorúkọ ẹṣin náà, kò sì fara balẹ̀ rárá, ó ń tọ sókè sódò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Àwọn ṣọ́jà tó wà nínú ìlà á dojú ìbọn délẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdí rẹ̀, wọ́n á tẹ orí ba. Aṣọ dúdú ni wọ́n ń fi bo ìlù kí ohùn rẹ̀ lè wọlẹ̀. Ìrìn wọn á falẹ̀, ẹsẹ̀ kan á dúró díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó kan ilẹ̀, èyí sì ṣòro ju bí a ṣe ń rí i lọ, nítorí pósí wúwo, ẹni mẹ́jọ tó gbé e gbọ́dọ̀ máa mí pọ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé pósí lé, kẹ̀kẹ́ àgbá ogun ni, èyí tí wọ́n fi ń fa àgbá lọ sójú ìjà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1901, ní ìsìnkú Ọbabìnrin Victoria ní Windsor, òtútù mú púpọ̀, àwọn ẹṣin tó yẹ kó fa kẹ̀kẹ́ náà ta, ohun tí wọ́n fi so wọ́n já. Àwọn ọmọ ogun ojú omi tó dúró ṣẹ̀ṣọ́ wọlé, wọ́n fi okùn fa ọbabìnrin wọn dé ibi tó ń lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n ń fa pósí ọba. Ohun tó bàjẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ti di àṣà tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ohun kan wà tí àwọn oníròyìn wa máa ń dà pọ̀, ó sì yẹ kí a yà á sọ́tọ̀. Ìbọn tí wọ́n ń yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta létí sàréè, àti àgbá tí wọ́n ń yìn lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún, ohun méjì ni wọ́n. Ìbọn ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tó ṣiṣẹ́ ológun, kékeré tàbí àgbà. Ohun tí a gbọ́ nípa orírun rẹ̀ ni pé ní àwọn ogun àtijọ́ ní Yúróòpù, àwọn ọ̀tá méjèèjì máa ń dáwọ́ ìjà dúró kí wọ́n lè kó òkú kúrò lójú pápá. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti kó tirẹ̀ tán, wọ́n á yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí òfuurufú pé a ti ṣe tán. Àgbá ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ ojú omi ló ti wá. Ọkọ̀ tó bá ti yìn àgbá rẹ̀ tán kò ní nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ tó lè fi ṣeni léṣe, nítorí náà àlàáfíà ló ń kí. Iye rẹ̀ ń tẹ̀lé ipò. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ ní mọ́kànlélógún, ọ̀gágun onírawọ̀ mẹ́rin ní mẹ́tàdínlógún, onírawọ̀ mẹ́ta ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, onírawọ̀ méjì ní mẹ́tàlá, onírawọ̀ kan ní mọ́kànlá. A máa ń yìn ín fún alààyè bó bá dé sí ìlú wa ní àbẹ̀wò. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: àgbá ń kí ipò, ìbọn mẹ́ta ń kí ẹni tó ṣiṣẹ́. Èyí tí kò ní ìpele ló sún mọ́ sàréè jù.

Fèrè ńkọ́? Láti Badagry dé Porto-Novo kò jìnnà, ọmọ Yorùbá wà lápá méjèèjì, síbẹ̀ fèrè tí wọ́n ń fun fún ṣọ́jà tó kú yàtọ̀ síra. Nàìjíríà àti Gánà jogún ti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní Last Post. Nínú àgọ́ ológun ni wọ́n ti ń fun ún tẹ́lẹ̀ ní alẹ́, láti fi hàn pé wọ́n ti yẹ gbogbo ibi tí ẹ̀ṣọ́ wà wò tán, kí oníkálùkù lọ sùn. Benin, Tógò àti Gabon yìí jogún ti Faransé, Aux Morts. Pierre Dupont, olórí àwọn olórin Garde républicaine ní Paris, ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nígbà tí Faransé ń wá ohùn tí wọn yóò máa fi rántí àwọn tó bá Ogun Àgbáyé Kìíní lọ. Òkè òkun ni àwọn ohùn méjèèjì yìí ti wá, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni wọ́n ń fun ún fún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ló kọ́ wa láti yìnbọn fún òkú. Kí òyìnbó tó ní bárékè kankan nílẹ̀ wa, àwọn ọdẹ Yorùbá ti ní ẹ̀yẹ ìkẹyìn tiwọn, ìṣípà ọdẹ. Bí ògbójú ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ ọdẹ á péjọ, ìbọn á máa dún. Wọ́n á kó ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ jọ, aṣọ ìgbẹ́ rẹ̀, fìlà rẹ̀, àpò rẹ̀, wọ́n á gbé wọn lọ sínú igbó, kí òkú lè mọ̀ pé wọ́n ti dá a sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alààyè. Ní òru ọjọ́ náà ni wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé, arò àwọn ọdẹ. Bádé Àjùwọ̀n tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ìrèmọ̀jé ti kọ ìwé lé e lórí, mo sì rọ ẹ̀yin ọ̀dọ́ kí ẹ wá a kà.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìrèmọ̀jé ni ẹni tó ń sun ún. Ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá a dó sínú igbó, tó bá a pín omi, tó mọ ẹranko tó pa àti èyí tó sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí bí ó ṣe lè dúró níwájú àwọn ọdẹ yòókù kó ní olóògbé pa erin bí kò bá pa á, nítorí gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n lè sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú, kò sí ẹni tí yóò bínú. Àwọn ohun èlò tí wọ́n gbé lọ sínú igbó àti fìlà tí ṣọ́jà gbé lé orí pósí, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní: iṣẹ́ rẹ nìyí, a rí i. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí inú ìṣípà yẹn ni mi ò rí dáadáa nínú ọ̀pọ̀ ìsìnkú ìjọba. Ní Libreville lọ́dún 2009, Omar Bongo ti ṣiṣẹ́ ológun rí lóòótọ́. Ó wà nínú àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Faransé nígbà èwe rẹ̀, ó sì dé ipò ọ̀fíṣà. Ogójì ọdún tó fi ṣe olórí ni ọ̀rọ̀ dá lé. Àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi pósí, ọmọ rẹ̀ àti àwọn tó bá a ṣe ìjọba ni. Ibi tí ẹni tí ìjọba náà ni lára ti sọ̀rọ̀, ìta gbangba ni, ibi tí wọ́n ti ń hó lé Sarkozy. Mo bọ̀wọ̀ fún òkú, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sunkún rẹ̀ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ibi tí owó epo rọ̀bì Gabon lọ jẹ́ apá kan iṣẹ́ ọkùnrin náà, ìsìnkú tí kò bá gbé e sọ kò tíì parí ẹ̀rí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ọmọ bíbí ìlú Libreville kan tí ẹnikẹ́ni kò yìnbọn ẹ̀yẹ fún lọ́jọ́ tó kú. Charles N'Tchoréré. Ọdún 1896 ni wọ́n bí i nílùú yìí, ibí náà ló ti kàwé lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà. Ní ọdún 1916 ó wọ iṣẹ́ ológun Faransé, ó ja Ogun Àgbáyé Kìíní já, ó sì ń gòkè títí ó fi di kápítéènì, ohun tó ṣọ̀wọ́n gidigidi fún ọmọ Áfíríkà láyé amúnisìn. Wọ́n fi í ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́jà ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Nígbà tí ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀, ó tún gbéra. Oṣù Kẹfà ọdún 1940 bá a ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Airaines, ní agbègbè Somme, níbi tí òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará Jámánì. Wọ́n jà títí ọ̀tá fi yí wọn ká, tí ọta ìbọn fi ń tán lọ. Ní ọjọ́ 7, wọ́n mú wọn.

Àwọn ará Jámánì ya aláwọ̀ funfun sí ọ̀tọ̀, wọ́n ya aláwọ̀ dúdú sí ọ̀tọ̀. N'Tchoréré kọ̀. Ó ní ọ̀fíṣà ilẹ̀ Faransé ni òun, òfin ogun sì sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀fíṣà tí wọ́n bá mú. Wọ́n yìnbọn pa á níbẹ̀. Jean-Baptiste ọmọ rẹ̀, òun náà kú nínú ogun ọdún kan náà, ní agbègbè Somme yẹn kan náà.

Ẹ rò ó wò. Ohun tí ọkùnrin yìí béèrè kò ju ẹ̀yẹ ológun lọ. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀, ó ní kí wọ́n ka òun sí ọ̀gá tí òun jẹ́. Lónìí, òkúta ìrántí rẹ̀ wà ní Airaines, ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Saint-Louis ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Gabon sì ti fi àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹpù. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ Gabon àti ọmọ tiwa, tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó ti Gabon wá tí wọn kò sì gbọ́ ti N'Tchoréré rí. Ìyẹn ń dùn mí. Kì í ṣe òun nìkan o. Àwọn ṣọ́jà Áfíríkà tí Faransé fúnra rẹ̀ yìnbọn pa ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1944, nígbà tí wọ́n béèrè owó iṣẹ́ wọn, ọdún 2024 ni Faransé tó gbà láti kọ orúkọ mẹ́fà nínú wọn sínú ìwé àwọn tó kú fún ilẹ̀ Faransé. Ọgọ́rin ọdún, ẹni mẹ́fà péré.

Nílé wa pẹ̀lú, a ní tiwa. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tí wọ́n bí ní ọdún 1926. Ó gba àmì ẹ̀yẹ akọni ní Kóńgò nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn ọmọ ogun wa lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1966, òun ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, sì jẹ́ àlejò rẹ̀ nílé ìjọba ní Agodi, Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ wá mú Ironsi, wọ́n sì kó àwọn méjèèjì lọ. Àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Fájuyì lóru náà. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé àlejò àti onílé kú pọ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, lọ́nà Lálúpọn. Fún bí oṣù mẹ́fà, ìjọba kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn fún ará ìlú. Nígbà ìpàdé tí àwọn olórí ológun Nàìjíríà ṣe ní Aburi ní Gánà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 1967, ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó gbóná jù lórí tábìlì. Lẹ́yìn ìpàdé náà ni wọ́n tó kéde ikú wọn, ni wọ́n tó gbé Ironsi lọ sin sí Umuahia, tí wọ́n gbé Fájuyì lọ sí Adó-Èkìtì. Ibi ìrántí rẹ̀ ṣì wà láàárín ìlú Adó títí dòní.

Nígbà tí mo bá ń ronú nípa oṣù mẹ́fà yẹn, mo máa ń ronú nípa ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ìjọba kò kéde ikú rẹ̀, opó rẹ̀ kò lè wọ aṣọ ọ̀fọ̀ ní gbangba, ẹbí kò lè gba àlejò, kò sí ẹni tí wọ́n lè bi léèrè. Ẹ̀yẹ ológun bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti sọ òtítọ́ fún ẹbí, ṣáájú ìgbà tí wọn yóò fun fèrè. Abẹ́ òjìji ogun abẹ́lé ni a sin Fájuyì sí. Ẹ̀yin ará Libreville sì mọ ohun tó tẹ̀lé e, nítorí Gabon wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tó gba Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1968, ìlú yìí ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí ebi fẹ́ pa wá.

Ìsìnkú méjì láìpẹ́ yìí ní Nàìjíríà tún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ òfuurufú ológun já ní Kàdúná. Ọ̀gágun Ibrahim Attahiru, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, kú, àwọn mẹ́wàá mìíràn sì kú pẹ̀lú rẹ̀: ọ̀gágun wà níbẹ̀, awakọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, sájẹ́ǹtì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n sin wọ́n sí ibojì àwọn ológun ní Abuja. Wọ́n kírun fún Mùsùlùmí, wọ́n gbàdúrà ìjọ fún Krìstẹ́nì, pósí wọn tò tẹ̀lé ara wọn, àsíá kan náà ló bo gbogbo wọn. Ààrẹ ìgbà náà kò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bínú sí i. Mo lóye ìbínú wọn, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ìlà pósí yẹn, níbi tí sájẹ́ǹtì àti ọ̀gá rẹ̀ ti gba àsíá tó gùn dọ́gba.

Ìkejì ni ti Taoreed Lágbájà, ọmọ Ìlobùú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí òun náà jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 56. Ní ọjọ́ 15 wọ́n sin ín ní Abuja. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú wà níbẹ̀, ó sì fi oyè CFR dá a lọ́lá. Wọ́n ti fa àsíá wálẹ̀ sí ìdajì òpó fún ọjọ́ méje. Ẹ̀yin tó ti Ọ̀ṣun wá mọ bí ọkàn wa ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà tún wà nílẹ̀. Félix Houphouët-Boigny, Ààrẹ Côte d'Ivoire, kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1993, oṣù méjì gbáko ni orílẹ̀-èdè náà sì fi múra kí wọ́n tó ṣe ìsìnkú rẹ̀ ní Yamoussoukro, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1994. Attahiru tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọn kò fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Muhammadu Buhari, Ààrẹ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ rí, kú ní London ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, ọjọ́ 15 ló ti wà nínú ilẹ̀ ní Daura pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ ológun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ẹ̀yẹ kò lè pé bí kò bá pẹ́. Ṣọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè to ìlà láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tó ń fa ìdádúró, ọ̀pọ̀ ìgbà ni pé àwọn alààyè ń wá àyè jókòó.

Mi ò lè kúrò ní Libreville láìsọ ti òkun tó wà lẹ́yìn wa yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1993, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun Zambia gbéra níbí lẹ́yìn tó ra epo, ó sì já sínú òkun. Àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Zambia ló gbé. Gbogbo ọgbọ̀n ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ ló kú, àwọn ológun tó ń wa ọkọ̀ náà sì wà lára wọn. Zambia kó òkú wọn lọ sí Lusaka, wọ́n sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré Independence, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Heroes' Acre. Kò sí Ààrẹ nínú wọn, kò sí ọ̀gágun onírawọ̀. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá fún orílẹ̀-èdè wọn, ìlú sì sin wọ́n bí akọni. Ní ọdún 2012 Zambia padà wá síbí fún ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Kí wọ́n tó gbá àṣekágbá, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lọ sí etí òkun, wọ́n gbé òdòdó sórí omi. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì, wọ́n fi pẹnáritì ṣẹ́gun Côte d'Ivoire ní Angondjé, wọ́n sì gba ife náà. Mo gbà pé òdòdó orí omi yẹn wà lára ẹ̀yẹ tó tóbi jù tí ìlú yìí tíì rí, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn kankan kò dún níbẹ̀.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ opó. Ní Nàìjíríà, lẹ́yìn fèrè, àwọn ológun á ká àsíá orí pósí, igun dé igun, ọwọ́ wọn kò ní yára, ọ̀gá kan á gbé e lọ bá ìyàwó olóògbé, á tẹ orí ba, á fà á lé e lọ́wọ́. Bí àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣàn bá ti rí i, ojú wọn á kún fún omi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni a kì í wò: ìgbà tí ìyàwó ṣọ́jà kékeré bá ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, tí wọ́n ní kó wá lọ́la, tí wọ́n ní fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan ṣì kù, tí wọ́n sì ti ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde ní bárékè. Bí ìjọba bá mọ̀ pé òun lè rí epo ọkọ̀ òfuurufú, aṣọ tuntun fún àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àgbá mọ́kànlélógún láàárín ọjọ́ márùn-ún fún ẹni ńlá, ó gbọ́dọ̀ lè rí owó ìfẹ̀yìntì opó láàárín oṣù kan. Mo fẹ́ kí a máa fi èyí wọn ọ̀rọ̀ náà. Kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa, nílé àti níbí, iye ọjọ́ tó ń gbà kí ẹbí ṣọ́jà tó rí ẹ̀tọ́ wọn, bí a ṣe ń béèrè iye àlejò tó wá sí ìsìnkú.

Ní tiwa níbí, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́, ẹ bá mi sọ ìtàn N'Tchoréré fún wọn. Ọmọ ìlú tí wọ́n ń gbé ni. Ẹ̀yin àgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí, bí ẹnì kan nínú wa tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí bá kú, kí ẹ wá àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kàn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní àyè láti sọ ohun tí wọ́n rí ní ojú ara wọn, kódà bí kò bá sí ìbọn kan tí yóò dún.

Mo ti sọ tèmi. Àwọn kan wà nínú ilé yìí tó wà ní Libreville ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà ààfin nínú oòrùn, tí wọ́n rí òkú Bongo kí wọ́n tó gbé e lọ sí Franceville. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, mo fẹ́ kí àwọn yẹn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún wa.